Ìdí Tí Mo Fi Fi Àmì Sí Gbogbo Ẹrù Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi kan,

Mo kí ọ. Mo kí ẹsẹ̀ rẹ tí ìyá rẹ ní ó ti wú, mo kí ẹ̀yìn rẹ tó ń ro ọ́, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ lọ́hùn-ún tí n kò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni yòówù kó jẹ́, kó mọ̀ pé bàbá ìyá òun ló ń kí òun. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ, kí ọjọ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ìgbà tí ayùn tuntun bá wọ pákó rírọ̀. Mo kí ọkọ rẹ pẹ̀lú, mo ní kó máa gbé gbogbo ohun tó bá wúwo nínú ilé, kí ìwọ máa fi ìka júwe ibi tí yóò gbé e sí.

Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa ilé, a wà láàyè, a wà lálàáfíà. Ìyá rẹ ń bẹ, ẹnu rẹ̀ náà sì ń bẹ pẹ̀lú rẹ̀. Páànù ẹ̀yìnkùlé tó ń jò nígbà tí o wá kẹ́yìn, mo ti gun òkè lọ kàn án, kò jò mọ́, ibòmíràn ló ń jò báyìí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ọmọ méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá láìsí lísìtì kankan. N kò pòwe mọ́ ọ o, ìròyìn ilé ni mo ń jẹ́.

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn sí mi. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè, gbólóhùn kan péré lo sọ, o ní Bàámi, ẹ ti ti ọjà mọ́ mi lójú, o sì gbé fóònù fún ọkọ rẹ. Òun ní ẹ má bínú bàbá, ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó fẹ́ sọ òmíràn, káàdì sì tán. Bóyá káàdì tiyín ni o, bóyá tiwa ni, fóònù kò sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Fóònù máa ń já, ẹni tó bá ń bínú sì lè gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà á dúró títí tí ìbínú yóò fi rọlẹ̀. Obìnrin tó ń kó ẹyin lọ sí ìlú ńlá ni yóò bá mi mú un wá lọ́la Ọjọ́bọ̀. Àárín kéréètì ẹyin ló máa ń kó lẹ́tà sí, nítorí náà bí o bá rí àwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè yé ọ pé ọgbọ́n ni mo rò pé mò ń gbọ́n.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ tí o rán wọlé sórí fóònù mi, abẹ́ ṣéèdì ni mo wà tí mò ń tún tábìlì olùkọ́ àgbà ṣe. O kọ ọ́ pé Bàámi, lísìtì ẹrù ọmọ nìyí, ẹ tẹ ibi tó ní àwọ̀ búlúù yẹn, ẹ má ṣe wàhálà kankan o, kí ẹ ṣáà mú nǹkan kékeré kan níbẹ̀. Mo tẹ búlúù. Fóònù gbé òbìrípo kékeré kan jáde, ó ń yí, ó ń yí, mo dúró kó yí tán bí ẹni tó ń dúró de ẹ̀rọ ìlagi, títí tí iná inú fóònù fi tán. Ni èmi àti ìyá rẹ bá mú ọ̀nà pọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́.

O lè má mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó ń ṣáájì fóònù ní ẹ̀gbẹ́ ilé agẹrun ni. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ó gbọ́n, ojú rẹ̀ mú, kì í sì sọ̀rọ̀, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Ohun tí o bá bi í ló máa dáhùn, kò ní fi ẹyọ kan lé e. Fi èyí sọ́kàn o, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ó gbà wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí mo kàn fún un fúnra mi. Bẹ́ǹṣì náà ń mì díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ló dagun, ayùn mi kọ́.

Jẹ́jẹ́ ṣí lísìtì náà, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi, mo rí nǹkan. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa dún bí òjò kí ọmọ lè sùn. Mo ní ṣebí páànù orí ilé wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ látọjọ́ tí mo ti kàn án. Òmíràn ń mú aṣọ ìnudìí gbóná kí wọ́n tó fi nu ọmọ. Ohun kan tó dà bí pẹ́pẹ́yẹ wà tó máa ń léfòó nínú omi ìwẹ̀ láti sọ bóyá omi náà gbóná jù. Ìyá rẹ wo ìgúnpá ara rẹ̀, ó ní ṣé wọ́n ti dá èyí dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kámẹ́rà kan tún wà tí yóò máa wo ọmọ nínú yàrá, kí ìwọ lè máa rí i láti pálọ̀. Ìyẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín, mo na ẹsẹ̀ ní pálọ̀, ó kan yàrá.

Lẹ́yìn náà ni ibùsùn ọmọ jáde. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ dúró níbẹ̀. Mo yọ téèpù lápò, mo wọn ibùsùn náà: ínǹṣì méjì. Mo wo owó rẹ̀, owó náà tó owó pákó tí n ó fi kan òrùlé ilé kan. Mo ní ìbejì eku ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sí i ni? Jẹ́jẹ́ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, mo tún un wọ̀n, ó ti di ínǹṣì mẹ́rin. Mo ní ibùsùn tó ń gùn sí i bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, kí ni yóò wá ṣe nígbà tí ọmọ bá dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n ká téèpù mi, pé agẹrun ti fi irun oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń wò wá.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n kọ nǹkan pupa sí abẹ́ àwọn ẹrù kan. Mo ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Jẹ́jẹ́ ní ẹnì kan ti mú un, sà. Mo ní ta ni. Ó ní wọn ò kọ orúkọ. Mo ní ẹni tí a kò mọ̀ lè wọ inú ẹrù ọmọ mi kó sì mú ohun tó bá wù ú? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo tún bi í pé ní ojúmọmọ? Ó ní ìgbà gbogbo ni, sà.

A padà lọ lọ́jọ́ kejì, ìgò oúnjẹ ọmọ ti lọ. A padà lọ lọ́jọ́ kẹta tó jẹ́ Ìṣẹ́gun, fìlà ti lọ, ìbọ̀sẹ̀ ti lọ, aṣọ ìnura tó ní etí ehoro náà ti lọ. Mo ní bó bá ń lọ báyìí, ọjọ́ tí ọmọ yìí máa dé, ẹ̀rọ òjò nìkan ló máa bá nílẹ̀.

Ìwọ náà mọ ibi ìlagi dáadáa, ìwọ lo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá mi níbẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. O mọ̀ pé pákó tí kò bá ní àmì, pákó gbogbo ayé ni. O lè ṣa méjìlá sọ́tọ̀, pákó tó tọ́, tí kò ní kókó, kí o ní kí o lọ mumi, kí o tó dé, ó ti ku mẹ́jọ, káfíńtà tó kó mẹ́rin náà á sì kí ọ kú iṣẹ́. Ohun tí à ń ṣe ni pé bí o bá ti ṣà á tán, fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì rẹ sí i. Tèmi ni òbìrípo pẹ̀lú ìlà kan láàárín. Ó lè wà nílẹ̀ fún oṣù kan, òjò ìbáà pa á, oòrùn ìbáà pa á, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ kó o lo máa sanwó. Ẹni tó bá sì gbé pákó tó ní àmì ẹlòmíràn, a ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n a ò ní yá a ní ayùn mọ́ láéláé.

Nítorí náà mo bi Jẹ́jẹ́ pé ṣé ibì kan wà nínú lísìtì yìí tí èèyàn lè fi àmì sí ẹrù kí ẹlòmíràn má lè mú un. Ó ní ó wà, sà. Mo ní ṣé wọ́n ń gba owó rẹ̀. Ó ní lónìí kọ́, sà. Mo ní ó dáa, fi àmì sí i. Ó ní èwo. Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tó béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ní gbogbo rẹ̀, sà? Mo ní gbogbo rẹ̀ ni, àbí ààbọ̀ ọmọ ni mo bí? Ó tún ní ṣé kí orúkọ yín hàn. Mo ní kó hàn kedere, kí ni mo jí? Ni ó bá kọ Bàbá Káfíńtà sí i, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrù mọ́kànlélógójì. Mo fi ìdùnnú lọ sílé. Mo rí bí àgbẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn àká rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá ọkọ rẹ pe ìyá rẹ. Ó ní òun fẹ́ ra ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ, òun dé ibẹ̀, orúkọ mi lòun bá. Òun lọ síbi àga ìjókòó ọmọ, orúkọ mi lòun bá. Ibi gbogbo tí òun ṣẹ́jú sí, Bàbá Káfíńtà ń wo òun. Ó ní àna wa, ẹ̀yin nìkan? Gbogbo rẹ̀? Ẹ mà ṣeun, ẹ mà ṣe bẹbẹ o, a ò mọ̀ pé báyìí ni Ọlọ́run ti ṣe é fún yín. Ìyá rẹ gbé fóònù fún mi, èmi náà ní a dúpẹ́, kò tó nǹkan, iṣẹ́ bàbá ni. Mo rò pé ìṣọ́ tí mo ń ṣọ́ ẹrù ló ń yìn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ náà pè, ó ní òun kò mọ̀ rárá pé iṣẹ́ káfíńtà ti dé ibi tó dé yẹn. Mo ní ó ti dé ibẹ̀. Ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ, ìyìn náà dùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ẹ́. Ìyá rẹ ní mo ti ń káwọ́ sẹ́yìn rìn.

Ọjọ́ kẹrin ìyìn náà sì ni Àìkú tí o pè, tí o ní mo ti ti ọjà mọ́ ọ lójú. Mo rò ó, mo rò ó, kò yé mi. Mo ní ọjà wo? Ẹrù ni mo ń ṣọ́.

Ọjọ́ Ajé ni obìnrin ilé ìtajà pè mí, èyí tó ń bójú tó lísìtì fún wọn. Mò ń fi gọ́ọ̀mù so pákó méjì pọ̀ lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ẹ káàsán sà, ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Káfíńtà. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹrù mọ́kànlélógójì tí ẹ mú, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sanwó rẹ̀, sà. Mo ní rárá o ọmọ mi, n kò rà á, ìṣọ́ ni mo ń ṣọ́ ọ. Ó ní ẹ ń ṣọ́ ọ fún ta ni, sà. Mo ní fún ọmọ mi ni, àwọn kan ń wọlé wá mú un lójoojúmọ́. Ó wá rọra sọ fún mi, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ fún aláìsàn, pé Bàbá, àwọn tó ń mú un yẹn, ọmọ yín gan-an ni wọ́n ń rà á fún. Wọ́n á sanwó, a ó sì gbé e lọ sí ilé rẹ̀.

Mo jókòó. Orí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù kùn ni mo jókòó lé.

Obìnrin náà ní àwọn tí ẹ ń jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ti dáwó jọ nítorí rẹ, wọ́n rán ẹnì kan sí lísìtì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bá gbogbo rẹ̀ ní títì, wọ́n sì dá owó oníkálukú padà fún un. Ìyẹn ló dùn mí jù. Àwọn tó fẹ́ràn ọmọ mi tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, èmi bàbá rẹ̀ ni mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn tí mò ń pè wọ́n lólè. Ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí ọmọ yóò fi dé.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu àmì náà kúrò báyìí. Ó ní àwọn kò lè nù ún. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó sanwó, fúnra rẹ̀ ni yóò já lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó fi í síbẹ̀ ló lè yọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Nọ́ńbà yẹn, mo rí i lóòótọ́. Mo ti pa á rẹ́. Ìwọ náà lo kọ́ mi pé bí mo bá ti rí iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà nínú, tó sì ń kí mi kú oríire, gbájú-ẹ̀ ni, kí n pa á rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, mi ò dá ọ lẹ́bi. Ó ní kò burú, àwọn yóò fi òmíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń lò láyé.

Ìwọ mọ bí ó ti jìnnà tó láti ṣéèdì mi dé ilé agẹrun. Nọ́ńbà wọlé, mo sáré. Mo dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti kú, sà. Mo padà sí ṣéèdì, mo ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, ó wọlé, mo tún sáré. Ó ti kú. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó wà lọ́nà ti ń yà fún mi, ìyá rẹ dúró sí ojúlé, ó ní ẹ wo ọkọ mi, àgbàlagbà tó fi gọ́ọ̀mù sí ìdí ṣòkòtò tó ń sáré ìje, ta ni yóò fún un ní ife ẹ̀yẹ. Ìgbà tí èyí náà kú, Jẹ́jẹ́ wò mí bí mo ti ń mí hẹlẹ, ó ní sà, bí ẹ bá jókòó síbí, ibí náà ni nọ́ńbà á bá yín. Mo ní kí ló dé tí o kò ti sọ ọ́ látàárọ̀? Ó ní ẹ ò bi mí, sà.

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà àná, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo lọ jókòó tì í láti òwúrọ̀. Nọ́ńbà bá wa níbẹ̀, a wọ inú lísìtì. A ń yọ àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá yọ, lísìtì á béèrè pé kí ló dé tí a kò fẹ́ ẹ mọ́. Mo ní sọ fún un pé a fẹ́ ẹ, kì í ṣe pé a kò fẹ́ ẹ. Jẹ́jẹ́ ní ìdáhùn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ tí èèyàn lè mú: mo ti rí èyí tí kò wọ́n tó o, mo ti rà á níbòmíràn, ọkàn mi ti yí padà. Mo ní kò sí ibi tí wọ́n kọ pé àṣìṣe bàbá? Ó ní kò sí, sà. Ọkàn mi ti yí padà la mú fún gbogbo rẹ̀, nítorí òun ló sún mọ́ òótọ́ jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Ọjọ́ kan odidi la fi yọ ogójì.

Lẹ́yìn náà mo pe ìyá ọkọ rẹ fúnra mi. Mo ní àna mi, ìyìn tí ẹ yìn mí lọ́jọ́sí, mo wá dá a padà, n kò ra nǹkan kan, ìṣọ́ ni mo ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ yín, bí pákó tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sí. Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbọ́ ọ tó ṣubú. Nígbà tó gbé e, ó ní àbí kí àwọn náà wá fi ṣọ́ọ̀kì sí ọkọ ìyàwó lára. Ó ti ra ọpọ́n ìwẹ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ pé ilẹ̀kùn ti ṣí, bàbá rẹ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa wọlé.

Bí o bá kà á dáadáa, wàá rí i pé mọ́kànlélógójì ni mo fi àmì sí, ogójì ni mo yọ. Jẹ́jẹ́ náà rí i. Ó ní sà, ó ku ibùsùn. Mo ní mo rí i. Ó ní ṣé kí n yọ ọ́. Mo ní jẹ́ ká fún fóònù ní ìsinmi díẹ̀.

Ọmọ mi, ìyókù tí mo ṣe, àìmọ̀ ni. Ti ibùsùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Ogójì ni mo fi àmì sí kí wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ibùsùn yẹn ni mo fi àmì sí kó má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Òun ni mo sì kọ́kọ́ ní kí Jẹ́jẹ́ tẹ̀.

Látọjọ́ tí ọkọ rẹ ti sọ fún wa pé o ti lóyún ni mo ti ń sá igi kan sí ìbòòji lẹ́yìn ilé, igi gidi, tí kò ní wọ́, tí kòkòrò kì í jẹ. Mo ti fá a, mo ti ha á, ibùsùn náà ti wà lábẹ́ ṣéèdì láti oṣù méjì, aṣọ àtijọ́ ìyá rẹ ni mo fi bò ó. N kò sọ fún ọ nítorí iṣẹ́ tí kò bá tíì parí, n kì í pe èèyàn wá wò ó. Ni lísìtì rẹ bá dé. Mo rí ibùsùn níbẹ̀, tí ẹ̀rọ ṣe, o sì ní kí n mú nǹkan kékeré kan. Mo mọ̀ pé àánú mi lo ń ṣe. Ó wọ̀ mí lára bí ẹ̀ẹ́rún igi.

Ìgbà tí a bí ọ, ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo wà. Pákó ló kún ilẹ̀, mo ń fá pákó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí kò ní àmì ẹlòmíràn lára. Àpótí tí wọ́n fi kó ìṣó wá fún ọ̀gá mi ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, inú rẹ̀ lo sùn fún oṣù mẹ́jọ. Mo ha inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ó ha ọ́ ní apá. Ìyá rẹ kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù sì bà mí ju kó sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí mo gba òmìnira tí mo ní pákó tèmi, o ti ń sùn lórí ẹní bí àgbà, ọmọ mìíràn kò sì tẹ̀ lé ọ tí n bá fi tún un ṣe.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, ibùsùn ilé ìtajà ní ẹsẹ̀ tó ń yí, ó ń ròkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, àwọ̀n tó wà lórí rẹ̀ dà bí adé. Tèmi kò ní ẹsẹ̀ tó ń yí. Ibi tí o bá gbé e sí ló máa wà. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pa gbogbo ara rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gan-an, níbi tí irùngbọ̀n kò sí, kò sí ibi tó hà mí. Orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti parí. Àwọn ìhà méjì tó gùn ni n kò tíì gé, nítorí mo mọ bí yàrá yín ti rí, pákó tí a bá sì ti gé kúrú, a kì í gé e gùn.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ní kí ọkọ rẹ mú téèpù, téèpù gidi o, kì í ṣe fóònù, kó wọn àárín bẹ́ẹ̀dì yín àti ògiri, kí o kọ iye rẹ̀ sínú bébà. Bí ó bá sì jẹ́ ti ilé ìtajà lo fẹ́, sọ ọ́ fún mi gbangba, má bá mi yí i ká. Iwájú mi ni Jẹ́jẹ́ yóò ti yọ àmì náà. N kò ní bínú. Mo lè dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ìyá rẹ ní òun yóò fi ọjọ́ méjì náà sinmi. Obìnrin ẹlẹ́yin ń padà bọ̀ ní Àbámẹ́ta, fi èsì rán an. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni àmì yẹn yóò já fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè rà á. N kò fẹ́ kó já. Mo fẹ́ kí ìwọ sọ pé kí n yọ ọ́, tàbí kí ìwọ sọ pé kí n fi í sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Awakọ̀ tó ń kó pákó ní òun yóò gbé ibùsùn náà wá, ṣùgbọ́n bí kò ti ṣeé ká, owó èèyàn méjì ló máa san. Ìyá rẹ náà ní òun ń bọ̀ wá bá ọ gbé ọmọ, òun náà kò ṣeé ká, o mọ̀ ọ́n. Bí èsì rẹ lórí ibùsùn tèmi bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fi owó èèyàn mẹ́ta ránṣẹ́, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìyá rẹ nìkan ti tó. Jọ̀ọ́, má san án sí báńkì. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ní kí n gbé ojú mi síwájú ẹ̀rọ kó lè mọ̀ mí. Ó ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, mo ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín? Ẹ̀rọ ní kì í ṣe èmi. Akọ̀wé báńkì ní kí n lọ fọ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lójú. Mo fọ ojú, mo padà dé, ẹ̀rọ ní òun kò rí mi rí. Fún obìnrin ẹlẹ́yin lówó náà, ó mọ ojú mi.

Ìwọ ọmọ mi, ọwọ́ Ọlọ́run ni mo fi ọ́ lé. Wàá wọlé ọjọ́ náà ní ìwọ nìkan, wàá jáde ní méjì, ara yín á le, ariwo ayọ̀ la ó gbọ́. Ọmọ tí o máa bí kò ní ṣe ọ́ léṣe, kò ní pa ọ́ lẹ́kún, yóò mọ iṣẹ́, yóò sì mọ ara ilé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe ọ́ lóore, kò sẹ́ni tí yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà dí i mọ́, àní kó jẹ́ èmi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Káfíńtà.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé ìgbà mẹ́rin ni mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí lọ ṣí aṣọ wo ibùsùn náà. Irọ́ ló ń pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni.